Níbo ni àwọn ará Japan tí Amẹ́ríkà há mọ́ nígbà ogun ti rí omi àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ṣe ọgbà?

Òǹkàwé kan béèrè pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo rí fọ́tò adágún omi kan tí òkúta yí ká, afárá kékeré wà lórí rẹ̀, òkè gíga sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Japan tí ìjọba Amẹ́ríkà kó sí àgọ́ ìhámọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló ṣe é. Ẹni tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ká mọ́, níbo ló ti rí sìmẹ́ǹtì? Ta ló fún wọn lómi nínú aṣálẹ̀? Àbí ìjọba ló ṣe é láti fi tù wọ́n nínú? Ṣé ó ṣì kù níbẹ̀?"

Ẹ kú ìbéèrè. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ó jọ Manzanar gan-an, ní àfonífojì Owens ní ìpínlẹ̀ California. Òkè Sierra Nevada ló wà lẹ́yìn àgọ́ náà, ayàwòrán Ansel Adams sì ya fọ́tò adágún tó wà níbẹ̀ ní 1943. Nítorí náà, Manzanar ni màá fi dáhùn, màá sì fẹnu ba àwọn àgọ́ mìíràn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìjọba kúrò nílẹ̀. Ìjọba kọ́ ló ṣe é. Àwọn tí wọ́n há mọ́ ló ronú rẹ̀, àwọn ló gbẹ́ ilẹ̀, àwọn ló lọ ṣa òkúta. Ìjọba gbà wọ́n láàyè, ó sì yọ̀ǹda ohun èlò díẹ̀, nítorí pé ó ní èrè tirẹ̀ níbẹ̀. A máa dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu àṣẹ 9066 ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1942. Àṣẹ yẹn ni àwọn ológun lò láti kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Japan kúrò nílé wọn ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí síbẹ̀. Wọn ò gbé wọn lọ sí kóòtù, wọn ò ka ẹ̀sùn kankan sí wọn lẹ́sẹ̀. Ohun tí ọwọ́ wọn bá lè gbé nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n kó. Àgọ́ 10 ni wọ́n pín wọn sí. Nígbà tí Manzanar kún jù, ènìyàn 10,046 ló wà nínú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ọ̀rọ̀ ọgbà náà tó lè yé yín. Òfin ilẹ̀ tí California ṣe ní 1913 kò jẹ́ kí àjèjì tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ oko, àwọn tí wọ́n bí ní Japan sì wà lára wọn. Bí ọ̀nà oko ṣe dí mọ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn yà sí iṣẹ́ títọ́jú ọgbà àwọn olówó ní Los Angeles àti àyíká rẹ̀, àwọn mìíràn ń gbin igi àti òdòdó tà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó wọn dé Manzanar, ọ̀gá iṣẹ́ ló pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó ti ń to òkúta sí ọgbà olówó wà níbẹ̀, bíríkìlà wà níbẹ̀, ẹni tó mọ bí a ti í lọ́ igi, ìyẹn kí a so ara igi kan mọ́ òmíràn kí ó hù, wà níbẹ̀. Àwọn tó ń wo fọ́tò wọ̀nyí tí wọ́n ń sọ pé ó jẹ́ ẹ̀bùn àbínibí ìran Japan ń fojú fo ọdún tí àwọn ènìyàn yìí fi kọ́ṣẹ́. Inú mi kì í dùn sí i.

Eruku ló kọ́kọ́ lé wọn sídìí ọgbà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ àgọ́ náà, katakata hú igbó tó di ilẹ̀ mú. Atẹ́gùn àfonífojì Owens kì í ṣe kékeré. Ó ń gbé yanrìn wọ inú bárékè láti àárín pákó, nítorí pé igi tútù ni wọ́n fi kọ́ ọ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń sún kúrò lára ara wọn. Bárékè kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, ó fẹ̀ ní 20, wọ́n sì pín in sí yàrá 4. Ẹni tó bá gbin koríko síwájú yàrá rẹ̀ ń gba oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀ lọ́wọ́ eruku. Èrè ìjọba tí mo sọ nìyẹn: koríko dín eruku kù, ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà kò ráyè bínú lójú ìjọba, ọgbà tó rẹwà sì dára láti yà fún àwọn ará òde.

Ìdí kejì ni ìlà oúnjẹ. Àdúgbò 36 ni wọ́n pín ibùgbé náà sí, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Bárékè 14 ni wọ́n fún àwọn ènìyàn gbé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń lò. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, àgbà àti ọmọdé, ló ń tò síta lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ nínú oòrùn, nínú atẹ́gùn, nínú òtútù. Ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ àwọn adágún tó gbajúmọ̀ jù sí, ti Àdúgbò 22 àti ti Àdúgbò 34, kí ẹni tó ń dúró lè rí ohun tó ń wò, kí ó sì gbọ́ ìró omi. Àwọn àdúgbò tún bẹ̀rẹ̀ sí í figagbága. Ìwé ìròyìn àgọ́ náà, Manzanar Free Press, ṣètò ìdíje ọgbà tó dára jù.

Ẹ wá gbọ́ ti omi. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yìnyín orí Sierra Nevada ń yọ́ di odò kéékèèké tó ń ṣàn wá sí àfonífojì. Los Angeles ti ra ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ omi ibẹ̀ láti fi bọ́ ọ̀nà omi ńlá tó parí ní 1913, orí ilẹ̀ ìlú náà sì ni wọ́n kọ́ àgọ́ yìí sí. Láti odò Shepherd ni omi àgọ́ ti ń wá. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú agbada kọnkéré lókè àgọ́, ó sì ń gba inú páìpù lọ sí gbogbo àdúgbò. Ilẹ̀ náà rọra dà láti ìhà òkè lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà omi ń wá fúnra rẹ̀, kò nílò ẹ̀rọ tí yóò máa fà á. Àwọn tó ṣe ọgbà kàn so páìpù mọ́ ti àdúgbò wọn ni. Wọ́n bo ẹnu rẹ̀ mọ́ àárín àpáta lórí òkìtì tí wọ́n fi erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú adágún mọ. Omi á yọ láti àárín àpáta, á ya lulẹ̀, á wọ adágún. Èyí tó bá kún á gba ojú ọ̀nà mìíràn jáde lọ sára koríko tàbí igi. Bí ẹ bá rí fọ́tò tí omi dà bí ẹni pé ó ń sun láti inú òkúta, ẹ̀rọ omi lásán ló wà níbẹ̀.

Òkúta kò ṣòro láti rí, gbígbé rẹ̀ ni iṣẹ́. Gíránáìtì tí omi ti yí láti orí òkè wá fọ́nká sí ẹsẹ̀ òkè àti etí odò ní ìwọ̀-oòrùn àgọ́. Wọ́n ń gba àṣẹ láti gbé ọkọ̀ akẹ́rù jáde lọ kó o. Kí ẹ lè mọ ìwọ̀n rẹ̀: òkúta tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì ga ní 50, wúwo tó kìlógíráàmù 800. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, igi róbótó la máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ó máa yí, a ó sì máa fi ọ̀pá irin gígùn hú u síwájú.

Títo òkúta ni a fi ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Gbogbo òkúta ló ní orí àti ìdí. Ibi tó fẹ̀ jù lọ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó kéré tán kí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ wọlẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé orí àpáta ńlá kan ló yọ síta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé òkúta lé ilẹ̀ gbalaja; lẹ́yìn òjò méjì, omi á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, á ṣẹ́gẹ̀, ojú rẹ̀ á sì fi hàn pé ènìyàn ló gbé e síbẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta la sábà máa ń tò ó: ọ̀kan á dúró, méjì á rẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, gíga wọn kò sì gbọdọ̀ dọ́gba. Ohun tó ń ba ọgbà tiwa níbí jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ni òkúta tí ìwọ̀n wọn dọ́gba tí a tò yí adágún ká bí eyín. Ẹ wo fọ́tò ọgbà Àdúgbò 34 dáadáa, ẹ ó rí i pé òkúta ńlá wà ní ibi kan, ibòmíràn ṣófo, koríko sì dé etí omi ní apá kan. Wọ́n tún lo àwọn òkè tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá to òkúta gíga kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí òkè tó jìnnà réré, ojú á gba àwọn méjèèjì pọ̀, wáyà àti bárékè tó wà láàárín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ti sìmẹ́ǹtì ló mú mi fẹ́ràn ìbéèrè yín. Nígbà ogun, wọ́n ń fi ìwọ̀n lò ó ni. Harry Ueno, tó ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ Àdúgbò 22, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ adágún ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ogun pé ìwé àṣẹ àpò sìmẹ́ǹtì 3 ni wọ́n fún àwọn, ṣùgbọ́n wọn ò gba ìwé náà sílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù-sí, nítorí náà ìwé kan náà ni wọ́n ń mú padà lọ títí adágún fi parí. Ueno yìí kan náà ló fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ àgọ́ pé wọ́n ń jí ṣúgà àti ẹran tó yẹ kí ó dé ilé oúnjẹ. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1942. Lọ́jọ́ kejì, èrò pé jọ láti béèrè pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Sójà yìnbọn, ènìyàn 2 sì kú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọgbà wọ̀nyí fi hàn pé àwọn tó ṣe é ti gba kámú, ẹ sọ ìtàn Àdúgbò 22 fún un.

Bí a ti ń da kọnkéré adágún nìyí. A ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn ju bí a ti fẹ́ lọ, a ó bomi sí i, a ó gún un kí ó le, pàápàá nínú ilẹ̀ oníyanrìn bíi ti Manzanar. Kọnkéré kan sìmẹ́ǹtì, méjì yanrìn, mẹ́ta òkúta wẹ́wẹ́, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó fún adágún tí kò jìn ju orúnkún lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán: bí omi bá di yìnyín, á wú, ẹ̀gbẹ́ tó dúró ṣánṣán á là, ṣùgbọ́n èyí tó dà á jẹ́ kí yìnyín yọ̀ gòkè. Òtútù Manzanar sì ń mú kí omi dì lóru. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣòro mìíràn ni: oòrùn á fa omi kúrò lára kọnkéré kí ó tó gan, á wá sán wẹ́wẹ́. Àpò tútù la fi ń bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó sì máa bomi rin ín.

Ibi tó sábà máa ń jò ni ibi tí òkúta bá kọnkéré pàdé. Sìmẹ́ǹtì ń súnkì bó ti ń gbẹ, gíránáìtì kì í súnkì, àlàfo tín-ín-rín á sì yọ láàárín wọn. Ọlọ́gbọ́n á kọ́kọ́ da abọ́ adágún pé, kí etí rẹ̀ ga ju ojú omi lọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé òkúta lé e láti fi bo etí náà. Bí ẹja bá máa gbé inú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ pọnmi kún un kí a sì dà á nù lẹ́ẹ̀mélòó kan, nítorí pé oró sìmẹ́ǹtì tuntun ń pa ẹja. Ẹja sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn; ìdílé Arai ṣe adágún ẹja síwájú bárékè wọn ní Àdúgbò 33, àpẹẹrẹ rere pé kì í ṣe ilé oúnjẹ nìkan ló ní adágún.

Adágún ńlá tó wà ní Merritt Park bẹ̀rẹ̀ láti ara òdòdó róòsì. Kuichiro Nishi, tó ti ń gbin òdòdó tà kí ogun tó dé, rí róòsì igbó tó ń hù lágbègbè náà, ó sì lọ́ róòsì ọgbà sára wọn. Gbòǹgbò igbó ti mọ ilẹ̀ náà, ó ti mọ òtútù àti ọ̀dá rẹ̀. Ẹ̀ka ọgbà ló ní òdòdó tó rẹwà. Ọ̀bẹ mímú la fi ń ṣe é. A ó la èèpo igi igbó náà ní ìrísí lẹ́tà T, nítòsí ilẹ̀. A ó bẹ ojú èéhù kan pẹ̀lú èèpo pẹlẹbẹ lára róòsì rere, a ó tì í bọ abẹ́ èèpo tí a là, a ó dì í pinpin ṣùgbọ́n a ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti mú. Bí ó bá dúdú, ó ti kú, ohun tó sì sábà ń pa á ni pé ó gbẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ́ ọ. Nígbà tó bá mú tán, a ó gé igi igbó tó wà lókè rẹ̀. Láti ibi róòsì yẹn ni ọgbà náà ti gbòòrò dé adágún, afárá àti òkìtì, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá àgọ́, Ralph Merritt, pè é.

Gbogbo àgọ́ kọ́ ni ilẹ̀ ti gbà fún wọn bẹ́ẹ̀. Ní Topaz, ní ìpínlẹ̀ Utah, ilẹ̀ jẹ́ amọ̀ oníyọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú igi tí wọ́n kó wá gbìn ló sì kú. Ní Minidoka, ní Idaho, Fujitaro Kubota, tó ti bẹ̀rẹ̀ ọgbà ńlá tirẹ̀ ní Seattle láti 1927, ló darí ọgbà ẹnu ọ̀nà àgọ́. Òkúta dúdú, èyí tó ti jẹ́ àpáta yíyọ́ tó tú jáde láti inú ilẹ̀ nígbà láéláé, ló lò, nítorí òun ló wà nílẹ̀. Ní Amache, ní Colorado, yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Bonnie Clark àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Denver ti ń walẹ̀ níbẹ̀ láti 2008. Nínú erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà bárékè, wọ́n bá èèpo ẹyin tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìdọ̀tí ilé ìdáná ni wọ́n sọ di ajílẹ̀.

Ó ku ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Wọ́n ti Manzanar ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1945. Wọ́n ta bárékè, wọ́n kó o lọ, yanrìn àti ẹ̀kún omi sì bo ọgbà. Ohun tó bò wọ́n yẹn gan-an ló pa wọ́n mọ́. Ó di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1992, awalẹ̀pìtàn Jeff Burton sì ti darí ọ̀pọ̀ ìwalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùyọ̀ǹda. Wọ́n á kọ́kọ́ fi fọ́tò àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé ibẹ̀ wá ojú ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wa á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ya òkúta tó ti ṣubú sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, wọn kì í sì í gbé e padà síbi tí fọ́tò tàbí àmì kò bá tì lẹ́yìn. Gbòǹgbò igi ló ń ba kọnkéré jẹ́ jù; ó ń gbé e sókè títí á fi là.

Fọ́tò náà ńkọ́? Wọ́n ká àwọn tó ń yàwòrán lọ́wọ́ kò láti ya ilé ìṣọ́ àti wáyà. Àwọn ológun tilẹ̀ fi fọ́tò tí Dorothea Lange yà ní 1942 pamọ́ títí ogun fi parí, bẹ́ẹ̀ ìjọba ló gbà á síṣẹ́. Nínú àwọn fọ́tò Lange ni ti William Katsuki wà, tó ti tọ́jú ọgbà olówó rí, tó sì ń fi ohun tó rí nítòsí ṣe ọgbà aṣálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ wo àkọlé, ọdún àti ẹni tó yà á kí ẹ tó gba ohun tó fẹ́ fi hàn yín gbọ́.

Bí ẹnìkan nínú yín bá dé California, ojú ọ̀nà 395 ni Manzanar wà, láàárín Lone Pine àti Independence. Ẹ fi ọkọ̀ yí inú rẹ̀ ká, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Merritt Park, Àdúgbò 34 àti Àdúgbò 22. Ẹ gbé omi dání, nítorí oòrùn ibẹ̀ mú, ẹ má sì ṣe tẹ etí adágún: kọnkéré náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún.